Kẹ̀kẹ́ Tí Mo Fi Àlá Dá Dúró

Ẹ̀yin ará mi, ẹ̀yin tí ìwé yìí bá tẹ̀ lọ́wọ́, àgbà àti ọmọdé, mo kí yín ní orúkọ Ẹni tó dá ọkàn tó sì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Rẹ̀ pé mo jí lónìí. Mo dúpẹ́ pé ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ mi kò tíì sú mi, pé ọwọ́ tí mo fi ń kọ̀wé yìí ṣì ń gbọ́ tèmi, àti pé ọkàn mi, bó tilẹ̀ ń fò pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́ bí ẹyẹ inú àgò, kò tíì dákẹ́. Ọpẹ́ yẹ Ẹ́. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọpẹ́, ọ̀rọ̀ kù. Òtítọ́ kan ti há mi lọ́fun bí eegun ẹja. N kò lè gbé e mì, n kò sì lè pọ̀ ọ́. Dókítà ti sọ fún mi pé ọkàn mi ti rẹ̀ gan-an, pé kí n máa ṣètò ilé mi. Ibi tí ilé mi ti wó nìyí, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kọ́kọ́ tún ṣe. Mo purọ́ mọ́ Ọlọ́run. Mo sọ pé Ó fi nǹkan hàn mí lójú àlá, bẹ́ẹ̀ ni kò fi nǹkan kan hàn mí. Nítorí irọ́ náà, obìnrin kan tó ń pè mí ní bàbá pàdánù ohun tí n kò lè dá padà fún un láé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, kí n tó lọ.

Awakọ̀ ni mí. Bọ́ọ̀sì elérò ni mo wà láti ìgbà tí irùngbọ̀n mi ti ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù títí ó fi funfun. Ìjókòó ni iṣẹ́ mi. Mo jókòó jẹun, mo jókòó bínú, mo jókòó kọrin ìyìn. Bí mo bá sì délé, àga náà ni mo tún ń wá. Ìyàwó mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ilé, a máa sọ pé bí kàkàkí bá dún ní ọjọ́ àjíǹde, gbogbo òkú ni yóò dìde, àyàfi ọkọ òun tí yóò ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbé àga wá. A máa ń rẹ́rìn-ín sí i. Nígbà tí kíndìnrín mi kọṣẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n ní kí n máa wá fọ ẹ̀jẹ̀ ní ilé ìwòsàn, n kò bẹ̀rù púpọ̀. Mo ní, ṣebí orí àga náà ni wọ́n ti ń ṣe é.

Yàrá náà gùn. Àga ńláńlá tó ṣeé nà sẹ́yìn wà ní ọ̀wọ́ méjì tó dojú kọra, ẹ̀rọ kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òṣùwọ̀n wà lẹ́nu ọ̀nà, nítorí pé omi tí a bá mu nílé kò ní ibi tí yóò gbà jáde mọ́ bí kò ṣe inú ẹ̀rọ. Bí ẹnìkan bá gun òṣùwọ̀n náà tó sì wúwo jù, nọ́ọ̀sì á pariwo pé, "Ta ló tún lọ mu odò gbẹ?" Wọ́n á gún wa lábẹ́rẹ́ lápá, ẹ̀jẹ̀ á máa gba inú rọ́bà kan jáde, á sì máa gba òmíràn wọlé, àwa á sì jókòó bí ẹni tí wọ́n so mọ́lẹ̀ títí ọjọ́ á fi kan orí. Kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ ní òwúrọ̀, èmi ni mo máa ń dá orin, tí mo sì ń gbàdúrà fún gbogbo yàrá. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sọ mí ní Baba Àdúrà. Ẹ má rò pé ẹ̀tàn ni àdúrà yẹn o. Mo gbà á tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn orúkọ náà pẹ̀lú, mo sì fẹ́ràn bí gbogbo orí ṣe máa ń tẹ̀ ba bí mo bá ti la ẹnu. Ibẹ̀ ni kòkòrò ti wọ obì mi.

Ẹni tó jókòó tì mí ni obìnrin kan tó ń ránṣọ. Aránṣọ ni a ń pè é. Ó ti dàgbà tó ọmọ mi àkọ́bí. Maṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ló fi ń jẹun. Ó lẹ́nu, ó sì láàánú. Òun ló máa ń tún aṣọ ìbora mi ṣe bí òtútù bá mú mi, tó máa ń sọ fún àwọn nọ́ọ̀sì pé, "Ẹ rọra gún bàbá mi, kì í ṣe aṣọ jíǹsì." Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin kan wà, onígbàjámọ̀, tó ti ní òun máa fún un ní kíndìnrín kan nínú méjì tòun. Àyẹ̀wò ti fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ wọn bára mu. Ohun kan ṣoṣo ló kù: dókítà ní ọkàn Aránṣọ gbọ́dọ̀ lágbára tó láti gba ọ̀bẹ àti oorun abẹ.

Ní àkókò náà ni Tíṣà Ẹsẹ̀ dé. Ọmọbìnrin kan ni, bàtà kánfáàsì lẹ́sẹ̀, ẹ̀rín lẹ́nu, tí ilé ìwòsàn gbà láti máa kọ́ wa ní ìdárayá. Ó gbé àwọn kẹ̀kẹ́ kékeré kan wá, tí kò ní àga, tí kò ní táyà, kìkì ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ ni. Ó ń gbé e sí ìdí àga, aláìsàn á máa wà á bó ṣe jókòó tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń lọ nínú ẹ̀rọ. Ó sọ fún wa pé, "Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, kíndìnrín ló gbé yín wá síbí, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ irú yín, ọkàn ló ń pa wọ́n. Iṣan ni ọkàn. Iṣan tí a kò bá lò, rírọ ló máa ń rọ. Ẹ máa wà á díẹ̀díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, nígbà tí ara ṣì le, kí ẹ̀rọ tó fa omi púpọ̀ kúrò lára yín. Ẹni tí àyà bá ń dùn, tàbí tí òòyì ń kọ́, tàbí tó gbé omi rẹpẹtẹ wá látilé, kó má wà á, kó pè mí. A kò bá ẹnikẹ́ni sáré o." Aránṣọ ló kọ́kọ́ na ẹsẹ̀. Bó ṣe tẹ̀ ẹ́ báyìí, ó bú sẹ́rìn-ín. "Háà! Maṣíìnì mi nìyí! Ẹ gbé aṣọ yín wá, mo ti ṣí ṣọ́ọ̀bù!" Láti ọjọ́ náà, kò fi kẹ̀kẹ́ náà sílẹ̀. A máa sọ fún mi pé, "Bàbá mi, ẹ̀ ń wò mí bí ẹni tó jókòó sójú kan. Mo ń lọ ni o. Mo ń wa kẹ̀kẹ́ yìí lọ pàdé kíndìnrín mi."

Ẹ wò ó, ó yẹ kí inú mi dùn. Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo ń gbàdúrà lọ́wọ́, mo ṣì wà lórí àwọn aláṣẹ àti àwọn ọmọ aláìníbaba, ni mo gbọ́ ohùn kan tó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gé e kúrú díẹ̀, kẹ̀kẹ́ ń dúró." Alápatà ni. Ó ti fi ìgbà kan rí pa ẹran tà, àga rẹ̀ kọjú sí tèmi. Àwọn kan ṣe àmín kí n tó parí. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára bí ẹ̀gún. Lọ́jọ́ kan náà ni Tíṣà Ẹsẹ̀ gbé kẹ̀kẹ́ dé ìdí àga mi. "Baba Àdúrà, ó kàn yín." Mo fi ẹsẹ̀ lé e. Mo tẹ̀ ẹ́, kò yí. Mo tún tẹ̀ ẹ́, ó yí lẹ́ẹ̀kan, èémí mi já, mo fi gbogbo agbára kì í mọ́lẹ̀, ẹ dárí jì mí pé mò ń kọ ọ́ síbí, afẹ́fẹ́ sì gba ibi tí kò yẹ jáde, ariwo rẹ̀ sì dé ẹnu ọ̀nà. Alápatà ní, "Yéè! Bọ́ọ̀sì ti jó táyà!" Aránṣọ ní, "Irọ́ o, sáléńsà ló já." Gbogbo yàrá rọ́ sẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì tó di sírínjì mú fi ara ti ògiri. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹnu lásán ni. Àwọn èèyàn tó ń tẹrí ba fún mi ní òwúrọ̀ náà ló ń fi mí rẹ́rìn-ín kí oòrùn tó kanrí. Kò sẹ́ni tó fi burúkú gbé e wá. Aránṣọ tilẹ̀ fọwọ́ kàn mí léjìká, ó ní, "Ẹ má dá wa lóhùn, bàbá mi. Ẹ máa dán an wò díẹ̀díẹ̀." Àánú rẹ̀ ló tún wá dùn mí jù.

Nígbà tí a tún pé, mo ti tún irọ́ mi ṣe bí ẹni tó ń tún yàrá ṣe de àlejò. Mo dá orin, mo dákẹ́, mo sì ní mo ní iṣẹ́ láti jẹ́. Mo ní Olúwa fi ìran kan hàn mí lójú oorun. Mo ní mo rí yàrá wa yìí, mo rí kẹ̀kẹ́ kan láàárín rẹ̀ tó ń yí, tí ẹ̀jẹ̀ sì ń ya lára rọ́bà sórí ilẹ̀, mo sì gbọ́ ohùn kan tó ní, "Ẹni tí Mo ní kó jókòó tó ń sáré, kò ní délé." Bí mo ṣe sọ ọ́ báyìí, òtútù mú èmi fúnra mi. Ẹ̀rù irọ́ tèmi bà mí. Kí n tó mí, Alápatà ti pariwo. "Èmi náà lá a! Mo ń rò ó lọ́kàn mi pé kí n sọ, kí n má sọ! Kẹ̀kẹ́ dúdú kan báyìí, àbí?" Mo wò ó. Mo mọ̀ pé irọ́ ló ń pa, nítorí èmi ni mo hun àlá náà pẹ̀lú ọwọ́ ara mi. Ṣùgbọ́n báwo ni olè ṣe fẹ́ mú olè? Mo mi orí, mo ní, "Dúdú ni." Ẹni méjì ti di ẹlẹ́rìí. Ọ̀rọ̀ ti fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Nígbà tí Tíṣà Ẹsẹ̀ wọlé, gbogbo wọn ti ká ẹsẹ̀ sábẹ́ aṣọ ìbora. Ọ̀kan ní orúnkún ń dun òun, òmíràn ní òun kò sùn. Nígbà tó gbọ́ ìdí rẹ̀, ó wá kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. "Bàbá, ẹ̀yin ni wọ́n ń gbọ́ tiyín. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. N kò bá àlá yín jà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá jókòó báyìí, ọkàn wọn á máa rọ lọ." Mo fọwọ́ lé e lórí bí bàbá rere, mo ní, "Ọmọ mi, ta ni èmi tí n ó fi bá Ọlọ́run jiyàn?" Ó dìde, ó jáde. Wọ́n kó àwọn kẹ̀kẹ́ náà lọ sí yàrá ìkẹ́rùsí, sáàárín bọ́kẹ́ẹ̀tì àti ìgbálẹ̀. Ìyá Ilé ni kò gbà. Ó gbọ́ ọ lẹ́nu ìyàwó Alápatà, ó wá bá mi nídìí tábìlì. "Bàbá wọn, àlá wo lẹ lá? Ẹ̀yin tí ẹ ń han-run bí ẹ̀rọ ìlọta, tí mo gbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́?" Mo ní ohun ẹ̀mí ni, kò lè yé e. Ó ní, "Ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹ má fi orúkọ Ọlọ́run bo ìdí o. Ó máa ń ya."

Aránṣọ nìkan ló kù tó ń wà á. Ó tọrọ kẹ̀kẹ́ kan padà, ó ń wà á jẹ́jẹ́, kò kọrin mọ́, gbogbo ojú sì ń wò ó bí ẹni tó ń rìn létí kòtò. Ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan, ó wá sílé mi. Ẹ fetí sí èyí: òkè pátápátá ni a ń gbé, àtẹ̀gùn ilé wa sì ga, ó gùn ún tán, kò mí hẹlẹhẹlẹ. Mo rí i. Ojú mi rí i pé kẹ̀kẹ́ ti ṣe iṣẹ́ rere lára rẹ̀. Ó jókòó, ó mú ìrọ̀rí kékeré kan jáde nínú àpò, aṣọ rírọ̀, tó rán bí apá èèyàn ṣe tẹ̀. Ó ní, "Mo rán èyí fún apá yín tí wọ́n ń gún. Mo ti ń rí i pé ó ń ro yín." Mo dúpẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní, "Bàbá mi, ẹ má jẹ́ kí n dá ẹ̀ṣẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ń le. Mò ń sùn. Wọ́n fẹ́ yẹ ọkàn mi wò láìpẹ́, àbúrò mi sì ti ṣetán. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti fẹsẹ̀ lé kẹ̀kẹ́ yẹn, ọ̀rọ̀ yín ló ń dún sí mi létí. Ẹ wojú mi. Ṣé ẹ rí i lóòótọ́?"

Nínú kíṣìnì, Ìyá Ilé dá ṣíbí tó fi ń ro oúnjẹ dúró. Ilẹ̀kùn àánú ṣí gbayawu níwájú mi lọ́jọ́ náà. Gbólóhùn kan péré ni. "Ọmọ mi, n kò rí nǹkan kan." Bóyá ì bá rẹ́rìn-ín, bóyá ì bá bú mi, à bá sì ti rẹ́rìn-ín náà pọ̀. Ṣùgbọ́n mo rántí sáléńsà. Mo rántí bí nọ́ọ̀sì ṣe fi ara ti ògiri. Mo rò ó pé bí mo bá jẹ́wọ́, ta ni yóò tún tẹrí ba fún àdúrà mi? Mo fa Ìwé Mímọ́ tó wà lórí tábìlì sún mọ́ra, mo gbé àtẹ́lẹwọ́ mi lé e, ọwọ́ náà kò sì rọ. Mo ní, "Mo rí i. Ohun kan tilẹ̀ wà tí n kò fẹ́ sọ níwájú gbogbo ènìyàn. Mo rí ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ náà. Ìwọ ni." Ẹ̀yin ará mi, ohun tó burú jù tí mo ṣe láyé nìyẹn. Mo ti kọ́ àwọn ọmọdé nílé ìjọsìn ní ìtàn àgbà wòlíì tó purọ́ fún ẹgbẹ́ rẹ̀ pé áńgẹ́lì rán òun, tí kìnnìún fi pa ẹni tó gbà á gbọ́ lójú ọ̀nà. Mo ti bínú sí àgbà náà lójú wọn. Àṣé èmi ni. Aránṣọ wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ méjèèjì títí, bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni. Ó ní, "Ẹ ṣé, bàbá mi, tí ẹ kò fi pa mọ́ fún mi." Ó sọ̀ kalẹ̀. Ìyá Ilé kò bá mi jẹun lọ́jọ́ náà.

Ó fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀. Ó ń jókòó bíi tiwa. Kò pẹ́ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í rí i tó ń dúró mí láàárín òṣùwọ̀n àti àga rẹ̀, ìrìn tí kò tó nǹkan. Ó fi maṣíìnì rẹ̀ lé ọmọọṣẹ́ kan lọ́wọ́, ó ní ẹsẹ̀ òun kò tẹ̀ ẹ́ dáadáa mọ́. Nígbà tí wọ́n yẹ ọkàn rẹ̀ wò, dókítà mi orí. "Kò tíì lè gba ọ̀bẹ. Kí ló ṣẹlẹ̀? O ti ń le bọ̀ tẹ́lẹ̀." Wọ́n sún iṣẹ́ abẹ síwájú. Ẹ gbọ́ ohun tó sọ fún mi nígbà tó padà sí àga rẹ̀. Ó ní, "Ẹ rí i, bàbá mi, ọkàn mi kò dára. Bí mo bá ń wà á lọ ni, orí kẹ̀kẹ́ ni ǹ bá kú sí. Ọlọ́run ló lò yín." Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi! Apá mi sì wà lórí ìrọ̀rí tó rán.

Láti ọjọ́ náà ni ẹsẹ̀ mi kò ti sinmi mọ́. N kò pa òwe. Bí mo bá ti jókòó, bí mo bá ti dùbúlẹ̀, nǹkan kan á máa rìn nínú eegun ojúgun mi, àfi kí n jù ú, kí n nà án, kí n tún ká a. Ìyá Ilé á ní, "Ta lẹ̀ ń lé?" Mo sọ fún dókítà, ó ní ó wọ́pọ̀ lára àwọn tí kíndìnrín wọn ti bàjẹ́. Tíṣà Ẹsẹ̀ tó wà nítòsí ní, "Wíwa kẹ̀kẹ́ máa ń dẹ̀ ẹ́, bàbá," ó sì yára panu mọ́, nítorí pé ó ń bọ̀wọ̀ fún àlá mi. Mo wo ẹsẹ̀ mi lábẹ́ aṣọ ìbora: wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀. Kẹ̀kẹ́ tí mo dá dúró lẹ́sẹ̀ gbogbo ènìyàn ti wọ inú tèmi, ó ń yí níbẹ̀, kò sì gbé mi lọ síbì kankan. Mo gbàdúrà, ọ̀rọ̀ kò jáde. Mo kọrin, mo gbàgbé ẹsẹ̀ kejì. Nígbà tó yá, mo ṣubú ní ilé ìwẹ̀. Wọ́n gbé mi, wọ́n yẹ̀ mí wò, wọ́n ní ọkàn mi ló ti rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, pé ọjọ́ mi kò pọ̀ mọ́. Nígbà tí mo padà sí àga mi, Tíṣà Ẹsẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ gbọn eruku kúrò lára kẹ̀kẹ́ kan, ó gbé e wá, ó kúnlẹ̀, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ẹsẹ̀ mi tó wú lé e. Ó ní, "Dókítà gbà pé ká dán an wò díẹ̀ gan-an. Mo mọ ohun tí ẹ rí, bàbá. Bí ẹ̀rù bá ń bà yín, màá dúró tì yín." Bí wọ́n bá nà mí lẹ́gba ni, ì bá sàn.

Lọ́jọ́ tí a tún pé, nígbà tí gbogbo orí tẹ̀ ba, mo ní, "Ẹ má dijú. Ẹ gbé orí sókè, ẹ wò mí. N kò lá àlá kankan. Ẹ fi mí rẹ́rìn-ín ni, ó dùn mí, mo sì fi orúkọ Ọlọ́run gbẹ̀san." Alápatà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Bàbá, ẹ má fi ìyẹn ṣeré o. Èmi gan-an lá a!" Nọ́ọ̀sì yíjú sí i. "Ẹ̀yin lá àlá tí ẹni tó ni ín kò lá?" Alápatà wolẹ̀. Ó ní, "Ẹsẹ̀ ló ń ro mí. Mo ń wá ohun tí màá fi sinmi ni." Mo yíjú sí Aránṣọ. Mo ní, "Èyí tí mo sọ fún ọ nílé ńkọ́, irọ́ ni. N kò rí ọ níbì kankan." Ó wò mí, ojú rẹ̀ kò ṣẹ́. Lẹ́yìn náà ló fa aṣọ bo orí. Ó ní kí wọ́n gbé òun kúrò níbẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sí ìpẹ̀kun kejì yàrá náà.

Àwọn kẹ̀kẹ́ padà. Mo ń gbọ́ ìró ti Aránṣọ láti òkèèrè, ó kọ́kọ́ ń fà, ó ń dúró, ó tún ń bẹ̀rẹ̀. Oṣù ń yí lu oṣù. Ó di ọjọ́ kan, mo gbọ́ tó ń kùn bí ẹni tó fẹ́ kọrin. Nígbà tí wọ́n tún yẹ ọkàn rẹ̀ wò, dókítà wọ yàrá wá tẹ̀rín-tẹ̀rín: ó ti tó. Mo sunkún ọpẹ́ sínú ìrọ̀rí náà. N kò mọ̀ pé wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ àbúrò rẹ̀ náà wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Láàárín àkókò tí a fi ń jókòó, ẹ̀jẹ̀ ríru ti mú onígbàjámọ̀, kò sì mọ̀. Wọ́n ní ẹni tó ní in bẹ́ẹ̀ kò lè yọ kíndìnrín fún ẹlòmíràn, yóò fi ara rẹ̀ sínú ewu. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wá, èérún irun àwọn oníbàárà ṣì wà léjìká rẹ̀, ó dúró nídìí àga ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ń sunkún bí ọmọdé. "Ẹ̀gbọ́n mi, mo pẹ́ jù, àbí?" Aránṣọ gbá a mọ́ra pẹ̀lú ọwọ́ tí kò ní abẹ́rẹ́. "Rárá, àbúrò mi. Ìwọ kọ́ lo pẹ́." Ó sì gbé ojú sókè, ó wò mí láti ìpẹ̀kun yàrá.

Nígbà tí wọ́n tú mi kúrò lára ẹ̀rọ, mo fọwọ́ ti ògiri dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo fi orúnkún mi tó ń dùn mí kúnlẹ̀. Dókítà ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé kì í ṣe kẹ̀kẹ́ nìkan ló ń mú ọkàn le, pé ọ̀pọ̀ nǹkan ló wà nínú rẹ̀. Inú rere ló fi sọ ọ́, n kò sì fi bo ara mi. Mo bẹ Aránṣọ, mo ń ka ẹ̀ṣẹ̀ mi, mo ń pe orúkọ Ọlọ́run. Ó gbé ọwọ́ sókè. Ó ní, "Ẹ dákẹ́, bàbá." Kò pè mí ní bàbá mi mọ́. "Ẹnu lẹ fi gba kẹ̀kẹ́ lẹ́sẹ̀ mi. N kò fẹ́ kí ẹ fi ẹnu bẹ̀ mí mọ́. Ẹsẹ̀ ni kí ẹ fi bẹ̀ mí." Ó sì pe nọ́ọ̀sì, ó ní kí wọ́n dá àga òun padà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀.

Ibẹ̀ ló wà báyìí tí mo ń kọ èyí. Orúkọ rẹ̀ ti wà láàárín àwọn tó ń retí kíndìnrín lọ́dọ̀ ẹni tí wọn kò mọ̀. Ó lè yá, ó lè pẹ́, ó sì lè má dé. Ó ń wa kẹ̀kẹ́ kí ọkàn rẹ̀ lè wà ní ìmúra bí wọ́n bá pè é. Èmi náà ń wà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bí ìgbín, níwọ̀n ìgbà tí Tíṣà Ẹsẹ̀ bá yọ̀ǹda. Bí mo bá ń tòògbé, á ní, "Bàbá, ẹ wà á. Ẹ kò tíì bẹ̀ mí tán." Mo sì tún tẹ̀ ẹ́. Kò tíì sọ pé òun dárí jì mí. N kò bèèrè. N kò mọ̀ bóyá ọkàn mi á dúró dè é kó tó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi ti ń sinmi díẹ̀ bí mo bá délé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin tí wọ́n ń pè gbàdúrà níwájú ènìyàn, ẹ máa bẹ̀rù orúkọ tí ẹ fẹ́ràn. Bí wọ́n bá fi yín rẹ́rìn-ín, ẹ bá wọn rẹ́rìn-ín tinútinú, kó parí síbẹ̀. Ẹ má fi "Olúwa wí" sọ ohun tí ìbínú yín wí. Ẹ̀yin aláìsàn ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ bi dókítà yín bóyá ara yín gbà á, bó bá sì gbà á, ẹ dìde, ẹ rìn, ẹ wa kẹ̀kẹ́, ẹ má dúró de ẹni tí yóò lá àlá fún yín. Ẹ̀yin tí mo ṣẹ̀ nínú yàrá yẹn, ẹ forí jì mí.

Ìwọ tí o ka èyí dé òpin, kí Ọlọ́run tó ṣí ojú mi kó má jẹ́ kí tìrẹ fọ́. Kó fún ọ ní ẹsẹ̀ tí yóò gbé ọ dé ibi ire rẹ, kó fún ọ ní ọkàn tí kò ní rẹ̀ lójú ọ̀nà, kó sì fún ọ ní ẹnu tí kò ní dá ẹsẹ̀ ọmọ ẹnìkejì dúró. Bí ire rẹ bá ń bọ̀, kó bá ọ ní ìmúra. Àmín.